Fíìmù tí à ń retí lọ́dún 2027: ẹ̀yin ará Abuja, òkè Ọya àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ yà síbí

Ìyá Gwarinpa

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o gbogbo ilé. Àǹtí wa tó wà ní Peckham, ní London, ló bi mí pé òun ń kó àwọn ọmọ bọ̀ l'Abuja ní December, fíìmù wo ni kí wọ́n máa retí, níbo la ti ń wò ó níbí, mo ní kí n kúkú kọ ọ́ síta torí ọ̀pọ̀ wa la jọ ní ìbéèrè yìí, àtẹni tó ń gbé Kubwa àtẹni tó ń gbé Houston.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ èyí tó wà lọ́kàn mi jù. Children of Blood and Bone. Ẹni tí ò bá tíì gbọ́, ìwé ni tẹ́lẹ̀, Tomi Adeyemi ló kọ ọ́, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí s'Amẹ́ríkà, 2018 ni ìwé yẹn jáde, méjì míì sì ti tẹ̀ lé e. Paramount ló ń gbé fíìmù ẹ̀ jáde, January 15, 2027 ni ọjọ́ tí wọ́n kéde, Friday ló bọ́ sí. Gina Prince-Bythewood, obìnrin tó darí The Woman King, òun náà ló darí èyí. Thuso Mbedu ọmọ South Africa ló ṣe Zélie, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé lórí, Damson Idris àti Tosin Cole wà níbẹ̀, Amandla Stenberg wà níbẹ̀, Chiwetel Ejiofor ló ṣe ọba, Viola Davis, Cynthia Erivo, Idris Elba, tí Richard Mofe-Damijo (RMD) tiwa náà tún wà ńbẹ̀. Mi ò rántí ìgbà tí wọ́n kó irú èèyàn báyìí jọ sórí ìtàn tó ti ọ̀dọ̀ wa wá.

Ìtàn Zélie yìí ni. Ìyá ẹ̀ wà lára àwọn tí òrìṣà fún lágbára, ọba wá ní kí wọ́n pa gbogbo wọn, ọmọ yẹn dàgbà pẹ̀lú irun funfun lórí tí gbogbo ayé fi ń dá a mọ̀ tí wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́ níyà, títí ọ̀nà fi ṣí pé ó lè dá agbára yẹn padà. Ọya, Ṣàngó, Yemọja, Ògún, Ọ̀rúnmìlà, gbogbo wọn ni wọ́n dárúkọ nínú ìwé yẹn, tí wọ́n bá sì fẹ́ pe agbára jáde, Yorùbá ni wọ́n fi ń pè é. Ẹ̀yin ará òkè Ọya, ẹ wá gbọ́ o: Lagos ni olú ìlú níbẹ̀, Ìbàdàn wà lórí òkè tí yìnyín bò, Ìlọrin jẹ́ abúlé apẹja tó wà lórí omi, Sokoto wà ńbẹ̀, Gombe wà ńbẹ̀, Zaria àti Jimeta náà wà ńbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí Kaduna, tó ń ka ìwé tí gbogbo ayé ń kà, tó wá ṣàdéédé bá Zaria pàdé nínú ẹ̀, ẹ rò ó wò bí orí ọmọ yẹn á ṣe wú.

Ohun tí mo wá fẹ́ bẹ̀ yín ni pé ká má kàn kó àwọn ọmọ lọ wò ó ká sì kó wọn padà sílé. Àwọn ọmọ wa tó ń dàgbà l'Abuja, òyìnbó ni wọ́n ń sọ nílé ìwé, Hausa ni wọ́n ń gbọ́ ládùúgbò, Yorùbá wá di èdè tí mọ́mì fi ń bínú, tàwọn ti London ò sì yàtọ̀. Fíìmù yìí á fún wọn ní òrìṣà kan lójú sinimá, tí wọn ò bá gbọ́ tilé, èyí tí wọ́n rí lójú sinimá ni wọ́n á mú gẹ́gẹ́ bí òótọ́. Ìwé ìtàn ni, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, àmọ́ òǹkọ̀wé fi ọgbọ́n tiẹ̀ kún un, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Nínú ìwé yẹn, àwọn tí Ọya fún lágbára, ọ̀rọ̀ òkú àti ẹ̀mí ni wọ́n ń ṣe. Nílé wa Ọya ni ìyàwó Ṣàngó, ẹ̀fúùfù lẹ̀lẹ̀ tí ń dági lókè lókè, òun ló di ẹfọ̀n, òun ló wọlẹ̀ ní Irá nígbà tí ọkọ ẹ̀ wọlẹ̀ ní Kòso, Irá yẹn sì wà ní Kwara níbí, kò jìnnà sí Ọ̀fà. Tẹ́ ẹ bá ń wakọ̀ bọ̀ láti Èkó ní December, tẹ́ ẹ kọjá Lokoja, tẹ́ ẹ dé orí afárá ńlá yẹn, ẹ rọra, ẹ fi omi hàn wọ́n, ẹ ní odò Ọya rèé. Àwọn tó bá gba Jẹ́bà náà ń sọdá ẹ̀. Ọmọ tó ti rí odò yẹn, tí ìyá àgbà sì ti pàtàn ẹfọ̀n fún, yóò jókòó sí sinimá pẹ̀lú ojú míì.

Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ìwé náà. Orí kan lálẹ́ kan, kí ọmọ kà á sókè, kí òbí bá a pe àwọn orúkọ bó ṣe yẹ. RovingHeights tó ń tàwé ní ṣọ́ọ̀bù l'Abuja, ẹ lè béèrè ẹ̀ níbẹ̀.

Ní ti ibi tá a ti máa wò ó: Silverbird wà ní Central Area, sinimá wà ní Jabi Lake Mall, Genesis wà ní Ceddi Plaza. Friday ni fíìmù tuntun ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ sì ni wọ́n ń yí tímútébù padà, torí náà alẹ́ Thursday ni kẹ́ ẹ wò ó lórí fóònù, kì í ṣe Monday, torí àkókò tẹ́ ẹ rí lọ́sẹ̀ tó kọjá lè má sí mọ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ lọ. Fíìmù tí èèyàn ò bá wò dáadáa ní Friday sí Sunday àkọ́kọ́, àárọ̀ ni wọ́n máa ń tì í sí lọ́sẹ̀ kejì, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Secretariat ò lè rí i wò nìyẹn. Wọ́n ní á wà ní IMAX náà, ìyẹn sinimá tí ojú ẹ̀ tóbi gan-an, ẹni tó bá fẹ́ wò ó bẹ́ẹ̀ kó gba Èkó lọ, ti Filmhouse tó wà ní Lekki ni IMAX àkọ́kọ́ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ibẹ̀ lèmi náà ń lọ.

Àǹtí Peckham

Màmá Gwarinpa, ẹ ṣé gan-an, Olúwa á bù kún yín. Ìṣòro wa ni pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ January nilé ìwé ń wọlé níbí, a ò ní lè dúró de ọjọ́ karùndínlógún. Mo ti wá bá àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lugbe ṣètò, a máa ka ìwé náà pọ̀ nílé yín ní December, tó bá wá di January kálukú á wò ó níbi tó wà ní weekend kan náà, ká pera lórí WhatsApp ní Sunday, wákàtí kan péré lẹ fi ṣíwájú wa nígbà òtútù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní UK, ẹ má jókòó de fíìmù Nollywood kó tó gbajúmọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ o. Àwọn sinimá Odeon àti Vue máa ń gbé díẹ̀ wá, àmọ́ kì í pẹ́ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti gbé e kúrò kí ẹni tó ń ṣe shift tó rí off. Ẹ lọ sórí áàpù wọn, ẹ yan ibi tí àwa dúdú pọ̀ sí, ẹ sanwó sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ní December tá a bá ti wá, kí ló máa wà lójú sinimá l'Abuja?

Ìyá Gwarinpa

December kì í ṣe ìṣòro rárá. Ti òyìnbó, Avengers: Doomsday àti Dune: Part Three, December 18, 2026 ni wọ́n kéde fún méjèèjì, àwọn ọkùnrin ilé yín á ti mọ̀ ọ́n. Tiwa wá ni kẹ́ ẹ fiyè sí. December ni Funke Akindele máa ń gbé tiẹ̀ jáde láti bí ọdún mélòó kan, A Tribe Called Judah ti December 2023 ni fíìmù Nàìjíríà tó kọ́kọ́ pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ nínú sinimá, látìgbà yẹn ni gbogbo àwọn yòókù ti ń du oṣù yẹn. Tiwa kì í kéde ọdún kan ṣáájú bíi ti Hollywood, ẹ lè má gbọ́ nǹkan kan títí ó fi ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, torí náà ẹ fọ́lọ̀ àwọn òṣèré fúnra wọn lórí Instagram, ibẹ̀ ni trélà ń kọ́kọ́ bọ́ sí.

Ẹ tún mọ̀ pé Prime Video ti dáwọ́ ṣíṣe fíìmù ilẹ̀ Áfíríkà dúró láti January 2024. Ọ̀pọ̀ àwọn onífíìmù Yorùbá ló ti kó lọ sórí YouTube, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun lẹ jèrè ẹ̀ jù torí kò sí ọ̀rọ̀ pé orílẹ̀-èdè yín ò ní i.

Fún àwọn ọmọdé ní 2027, Shrek 5 àti Spider-Man: Beyond the Spider-Verse ni wọ́n ń dárúkọ fún June, Frozen III fún November. Wọ́n ti sún ti Spider-Man yẹn rí, ẹ má ṣèlérí ọjọ́ fún ọmọ.

Alájì Sábó, Kano

As-salaamu alaykum, ẹ kú iṣẹ́ o ìyá wa. Mo fẹ́ béèrè láì fi ti ìjà ṣe. Mùsùlùmí ni mí, àwọn ọmọ mi ń lọ ilé kéú, tí mo bá kó wọn lọ wo Ọya àti Ṣàngó, ṣé mi ò ní dá nǹkan sí wọn lọ́kàn báyìí? Àwọn àlùfáà wa á sọ̀rọ̀.

Fún àwa tá a wà ní Kano, Ado Bayero Mall lórí Zoo Road la ti ń wo irú ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé tí NFVCB, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò, bá ti fọwọ́ sí fíìmù l'Abuja, ó ti parí, ìjọba Kano ní ilé iṣẹ́ tiẹ̀ tó ń yẹ fíìmù wò, nǹkan tẹ́ ẹ rí l'Abuja lè pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ààwẹ̀ tún ń bọ̀, Ramadan á bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí February 8, bí òṣùpá bá ṣe yọ. Ẹni tó bá máa wò ó kó tètè wò ó ní January, torí tí ààwẹ̀ bá ti dé kò sẹ́ni tó ń lọ sinimá níbí.

Ìyá Gwarinpa

Wa alaykumu salaam Alájì. Ìbéèrè gidi lẹ bi, mo sì mọ̀ pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi náà á bi mí. Èrò tèmi ni pé àlọ́ ni, àwọn bàbá wa tó jẹ́ Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì gbọ́ àlọ́ Ọya àti ẹfọ̀n, wọn ò sì tìtorí ẹ̀ fi ẹ̀sìn wọn sílẹ̀. Odò tẹ́ ẹ sọdá dé Kano, orúkọ Ọya ló ń jẹ́, kò sí àlùfáà tó ní ká pa orúkọ ẹ̀ dà. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni kí ọmọ kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Ṣàngó lẹ́nu ẹlòmíì, kó wá máa bi yín pé ta ni. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ti sọ fún un pé báyìí làwọn bàbá ńlá wa ṣe gbà á gbọ́, àwa sì rèé pẹ̀lú Ọlọ́run wa, ọ̀rọ̀ ti tán. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ ni ilé yín, tọ́kàn yín ò bá gbà á, ẹ jẹ́ kí wọ́n dàgbà díẹ̀ sí i.

Ní ti ọjọ́ orí, ìjà àti ikú pọ̀ nínú ìwé yẹn. Ẹ wo ohun tí NFVCB bá kọ sára ẹ̀, bóyá PG ni tàbí 12 tàbí 15, kẹ́ ẹ tó mú èyí tó kéré dání.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Jos

Ẹ kú ìjíròrò. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé ẹni tí ọmọ ẹ̀ bá ti sinimá bọ̀ tó ní òun fẹ́ máa ṣe fíìmù, ẹ má lé e. Jos níbí ni Nigerian Film Corporation wà, National Film Institute wọn wà níbí náà, wọ́n ń kọ́ni ní kámẹ́rà, ìdarí, editing, gbogbo ẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá wà níbẹ̀.

Bọ̀dá Lugbe

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ ọ̀nà, torí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ láti òkè òkun lẹ̀ ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn one chance, àwọn olè tó ń fi mọ́tò gbé èrò. Tẹ́ ẹ bá wo fíìmù aago mẹ́jọ alẹ́, ó lè tó aago mọ́kànlá kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ má jáde lọ dúró ní Berger tàbí Area 1 kẹ́ ẹ máa na ọwọ́ sí mọ́tò tẹ́ ẹ rí. Ẹ pe Bolt tàbí Uber láti inú mall, ẹ wo nọ́ńbà mọ́tò kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ fi ránṣẹ́ sílé. Èsíteètì míì ti ń ti géètì nígbà yẹn, ẹ bi àwọn tẹ́ ẹ bá dé sí lọ́dọ̀. Èmi o, ọ̀sán ni mo ń kó ìdílé mi lọ, ti àárín ọ̀sẹ̀ sì máa ń dínwó ju ti weekend lọ. Ẹ mú súwẹ́tà fáwọn ọmọ, ọyẹ́ January níta, ẹ́síì nínú ilé.

Ohun kan tún ni pé ọdún ìdìbò ni 2027. Ọjọ́ ìdìbò kò sí rírìn, Saturday ló sì máa ń bọ́ sí. Ẹ wo ọjọ́ tí INEC kéde kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì Saturday kankan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn.

Àǹtí Peckham

Ẹ ṣé Bọ̀dá, mi ò tiẹ̀ ronú kan ọ̀rọ̀ ìdìbò yẹn rárá. Ẹni tí ò bá rí ìwé náà rà níbẹ̀ kó sọ fún mi kí n tó palẹ̀ báàgì mọ́, kìlógíráàmù wa ṣì gbà á, ṣọ́ọ̀bù àwọn aláàánú níbí máa ń tà á ní àlòkù lówó pọ́ọ́kú. Alájì, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà á fúnra yín kẹ́ ẹ tó pinnu fáwọn ọmọ, mo lè fi tiyín rán ẹni tó bá ń lọ Kano láti Abuja.

Alájì Sábó, Kano

Ẹ bá mi mú ọ̀kan wá, Àǹtí. Mo máa kà á kí ààwẹ̀ tó dé.