Ìgò wáìnì mélòó ni a lè gbé wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ní Galveston?

Ọmọ Ẹdẹ ní Chicago

Mo kí gbogbo ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ní nǹkan bí oṣù méjì sí i, ìdílé wa yóò wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ Carnival láti èbúté Galveston ní ìpínlẹ̀ Texas, a óò dé Cozumel ní Mẹ́síkò, a óò sì padà lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún. Ìgbéyàwó àwọn òbí wa ni ó pé 40 ọdún, àwọn méjèèjì sì ti ti Ẹdẹ wá kí a lè jọ ṣe é. Àgbàlagbà mẹ́sàn-án ni wá, ọmọdé mẹ́rin sì wà pẹ̀lú wa. Ohun tí a ń gbèrò ni pé ní alẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tí gbogbo wa bá jókòó yí tábìlì ká ní gbọ̀ngàn oúnjẹ, ẹ̀gbọ́n wa àgbà yóò gbàdúrà, a óò sì gbé ife wáìnì sókè fún bàbá àti màmá.

Mo ti gbọ́ pé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kò gbà kí ènìyàn kó ọtí wọlé bí ó bá ṣe wù ú, ṣùgbọ́n ohun tí ẹnì kan ń sọ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, n kò sì fẹ́ kí a dé ẹnu ọ̀nà èbúté kí wọ́n máa tú ẹrù àwọn arúgbó lójú gbogbo ènìyàn. Ọ̀rẹ́ bàbá wa kan ti fún wa ní ìgò wáìnì pupa ńlá kan, èyí tí ó gba lítà kan àtààbọ̀. Ṣé wọn yóò jẹ́ kí ó wọlé? Bàlúù ni a óò wọ̀ láti Chicago dé Houston, n kò sì mọ inú ẹrù tí ó yẹ kí a fi ìgò sí. Màmá wa kì í fẹnu kan ọtí rárá, omi èso inú ìgò tí ó ń hó bí ṣàǹpéènì ni ó máa ń mu níbi ayẹyẹ. Ní ti bàbá, emu ni wọ́n ń béèrè láti ìgbà tí wọ́n ti dé, wọ́n sì ní bí kò bá sí emu, ayẹyẹ náà kò tíì pé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti lọ rí, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Màmá Ìbejì, Houston

Àbúrò mi, mo kí ọ, mo sì kí àwọn òbí wa kú oríire 40 ọdún. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí wọ́n ṣe 50 pẹ̀lú ara líle. Galveston kò jìnnà sí mi, mo sì ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, nítorí náà màá sọ ohun tí mo mọ̀ fún ọ bí ó ti rí.

Ìlànà Carnival ni pé olúkúlùkù ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 21 lè gbé ìgò wáìnì tàbí ṣàǹpéènì kan ṣoṣo wọlé, ìgò náà kò gbọdọ̀ ju 750 mílílítà lọ, ìdérí rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ tíì ṣí. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ìyẹn ọjọ́ tí ẹ ń wọ ọkọ̀, nìkan ni wọ́n fàyè gbà á. Ẹ̀yin mẹ́sàn-án yóò gbé ìgò mẹ́sàn-án nígbà náà, bí ẹ bá ti pé ọjọ́ orí náà. Bíà kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọtí líle bí i wisikí àti jíìnì. Ìgò ńlá tí ọ̀rẹ́ bàbá yín fún yín kò lè wọlé, kódà bí ènìyàn méjì bá ní àwọn pa ẹ̀tọ́ àwọn pọ̀ lórí rẹ̀, nítorí pé ìwọ̀n ìgò ni wọ́n ń wò. Jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀ ní Chicago. Ohun tí ó bá ju ìlànà lọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín ní ẹnu ọ̀nà, dídà ni wọ́n ń dà á nù, wọn kì í san ohunkóhun dípò rẹ̀. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, pàápàá tí ó bá jẹ́ ọtí ẹ̀bùn.

Ọ̀rọ̀ bàlúù ni ó máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú, nítorí pé òfin bàlúù àti ti ọkọ̀ ìgbafẹ́ ta ko ara wọn. Nínú bàlúù, ohun olómi tí ó bá ju 100 mílílítà lọ kò gbọdọ̀ wà nínú àpò tí o fi ọwọ́ gbé wọlé, nítorí náà inú ẹrù ńlá tí o fà lé wọn lọ́wọ́ ni wáìnì yóò wà láti Chicago dé Houston. Tí ẹ bá dé èbúté, ó yí padà. Àwọn aláàárù ni yóò gba ẹrù ńlá lọ́wọ́ yín níta, inú àpò tí kálukú fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé kọjá lábẹ́ ẹ̀rọ ayẹrùwò sì ni ìgò gbọ́dọ̀ wà. Ohun tí àwa máa ń ṣe ni pé, ní òtẹ́ẹ̀lì ní alẹ́ tí ó ṣáájú, a óò kó gbogbo ìgò jáde sórí ibùsùn, a óò sì pín in fún kálukú, kí ẹnì kan má baà gbé méjì kí ẹnì kejì má gbé nǹkan kan. Ìgò tí a ń yí ìdérí rẹ̀ ṣí ni kí ẹ rà, kí ẹ má baà máa wá irin tí wọ́n fi ń fa kọ́ọ̀kì kiri.

Ní ti mímu un, bí ẹ bá mu ún nínú yàrá yín, ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ bá gbé e lọ sí gbọ̀ngàn oúnjẹ tàbí ilé ọtí inú ọkọ̀, wọn yóò gba owó ìṣígò, 15 dọ́là lórí ìgò kọ̀ọ̀kan. Má jẹ́ kí èyí bà ọ́ nínú jẹ́. Ìgò 750 mílílítà kan ń kún ife márùn-ún, bí ẹ bá sì gbé ìgò méjì péré lọ sí tábìlì, ife mẹ́wàá nìyẹn, ó tó ẹ̀yin mẹ́sàn-án, 30 dọ́là ni ẹ ó san. Ìgò méje tí ó kù, ẹ máa mu ún ní yàrá bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kí ẹ máa wo òkun.

Omi èso Màmá ni kí o fi ọkàn sí dáadáa. Láti ọdún 2015 ni Carnival ti fi òfin de ohun mímu inú ìgò, àti omi lásán pàápàá, nítorí pé àwọn kan ń da ọtí líle sínú ìgò omi, wọ́n á sì tún dé e padà bí ẹni pé ilé iṣẹ́ ni ó dé e. Ohun tí wọ́n fàyè gbà ni ohun mímu inú agolo tàbí páálí, agolo méjìlá fún ẹnì kan, inú àpò àfọwọ́gbé náà ni. Omi èso tí ń hó wà nínú agolo ní àwọn ilé ìtajà níbí, òun ni kí ẹ rà fún wọn. Ife kan náà ni wọn yóò dà á sí, kò sì sí ẹni tí yóò mọ ìyàtọ̀.

Àbúrò, emu ni ó ṣòro. Emu tí ẹnìkan rọ sínú ìgò tàbí kẹ́ẹ̀gì nílé kò ní òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ kankan lórí ìdérí rẹ̀, wọn kò sì ní gbà á. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìwúkàrà inú emu kì í sinmi, ó ń jẹ ṣúgà, ó sì ń tú afẹ́fẹ́ jáde, ooru Texas yóò sì mú kí ó ṣe é kíákíá; mo ti rí ìgò emu tí ó bẹ́ nínú bọ́ọ̀tì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rí. Àwọn ilé ìtajà àwa ọmọ Áfíríkà wà ní òpópónà Bissonnet ní Houston níhìn-ín, ẹ sì lè rí emu inú ìgò tí wọ́n ti fi ooru pa ìwúkàrà inú rẹ̀. Ẹ ra á fún Bàbá ní alẹ́ tí ẹ bá dé, kí wọ́n mu ún pẹ̀lú ẹran díndín ní òtẹ́ẹ̀lì kí ẹ tó wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Arìnrìn-àjò Abẹ́òkúta

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí Màmá Ìbejì sọ, mo sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ara mi kún un lórí ẹrù ńlá yẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àwọn òṣìṣẹ́ kì í wò ó. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi àti ìyàwó mi wọ ọkọ̀ ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Ìgò mẹ́rin ni mo dì sínú àpótí wa, mo fi aṣọ ìnura wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì rò pé mo gbọ́n. Aago mẹ́jọ alẹ́ kọjá, gbogbo ará ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ti rí ẹrù wọn níwájú ilẹ̀kùn, tiwa kò dé. Nígbà tí mo bèèrè, wọ́n rán mi lọ sí yàrá kan ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀, níbi tí wọ́n to àpótí sí lórí ilẹ̀ bí ẹni pé ọjà ni wọ́n fẹ́ tà. Wọ́n ní kí n ṣí àpótí náà fúnra mi. Òṣìṣẹ́ tí ó wọ ìbọ̀wọ́ fún mi ní ìwé láti fi ọwọ́ sí, ó ń tú aṣọ ìnura ìyàwó mi lára ìgò kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sórí tábìlì, èkẹta nínú wọn sì ni àna wa gbé fún wa lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Kò sí èyí tí mo tún fi ojú kàn nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Aṣọ tí ìyàwó mi wọ̀ láti òwúrọ̀ ni ó wọ̀ lọ jẹun alẹ́ ọjọ́ náà, mo sì bẹ̀ ẹ́ títí a fi dé ilé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ́tí sí àwọn tí ń kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń fi ọtí pamọ́ sínú ìgò ọṣẹ ìfọrun. Ó wà nínú ìlànà àwọn ilé iṣẹ́ kan pé wọ́n lè sọ ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀, ẹ kò sì fẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ níwájú àwọn òbí yín.

Ará Southampton

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìlànà ilé iṣẹ́ kan kì í ṣe ti èkejì, nítorí pé àwọn kan yóò ka ọ̀rọ̀ yìí, wọn yóò sì rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tí ń jẹ́ Norwegian, ẹ lè gbé ìgò wáìnì bí ó ti wù kí ó pọ̀, ṣùgbọ́n 15 dọ́là ni wọ́n ń gbà lórí ìgò 750 mílílítà kọ̀ọ̀kan àti 30 dọ́là lórí ìgò lítà kan àtààbọ̀, ẹ̀ báà mu ún ní yàrá tàbí níbi oúnjẹ. Ìgò mẹ́sàn-án yín ì bá ná yín ní 135 dọ́là níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìgò ńlá tí ọ̀rẹ́ bàbá yín fún yín ì bá wọlé. Ilé iṣẹ́ Princess gbà kí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan gbé ìgò kan wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ láti mu nínú yàrá, wọ́n sì ń gba 20 dọ́là lórí ìgò tí ó bá lé. Disney ń fàyè gba ìgò méjì fún àgbàlagbà kan, tàbí bíà mẹ́fà, wọ́n sì tún gbà pé kí ènìyàn gbé irú rẹ̀ wọlé ní èbúté kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ bá dúró sí. Viking kì í gba owó ìṣígò, MSC ní tiwọn kò fẹ́ kí ènìyàn gbé ọtí wọlé rárá.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe irú ìlànà bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti rí. Owó ọkọ̀ tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa máa ń dín, ọtí àti tẹ́tẹ́ inú ọkọ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń rí èrè. Lójú tèmi, ìlànà Carnival bá ìdílé ńlá mu ju ti Norwegian lọ, níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ti fẹ́ máa mu èyí tí ó pọ̀ jù nínú yàrá.

Ọmọ Ẹdẹ ní Chicago

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Màmá Ìbejì, mo ka ọ̀rọ̀ yín sí etí bàbá, wọ́n ní kí n kí yín, wọ́n sì ti gbà pé ní Houston ni àwọn yóò ti mu emu. A ti fi ìgò ńlá náà sílẹ̀ fún ọjọ́ tí a bá padà dé. Arìnrìn-àjò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kí ìyàwó yín.

Ó ku ẹyọ ìbéèrè kan. Àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ ra ọtí tequila ní Cozumel láti gbé e fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ibi iṣẹ́. Ṣé wọn yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọn yóò sì dà á nù pẹ̀lú?

Màmá Ìbejì, Houston

Rárá o, èyí yàtọ̀. Ọtí tí a bá rà ní èbúté, wọn yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá ti ń padà wọ inú ọkọ̀, wọn yóò fún un ní rìsíìtì, wọn yóò sì fi í pamọ́ títí di òpin ìrìn-àjò. Kí ó tọ́jú rìsíìtì náà dáadáa, nítorí pé òun ni wọn yóò béèrè kí wọ́n tó dá ìgò rẹ̀ padà.

Tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní Galveston, lítà kan ni aṣọ́bodè Amẹ́ríkà fàyè gba ẹni tí ó ti pé ọmọ ọdún 21 láti gbé wọlé láìsan owó ibodè. Èyí kò kan ti ìpínlẹ̀ Texas o. Lẹ́yìn aṣọ́bodè, ẹ ó rí àwọn òṣìṣẹ́ TABC, ìyẹn àjọ ìpínlẹ̀ Texas tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọtí, tí wọ́n dúró ní èbúté, wọn yóò gba owó orí ìpínlẹ̀ lórí ìgò kọ̀ọ̀kan, kódà bí aṣọ́bodè kò bá gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bínú sí wọn níbẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti san tán. Kí àbúrò rẹ ka owó náà mọ́ iye tí ó ra ọtí, nígbà mìíràn owó rẹ̀ ní ilé ìtajà ní Chicago tilẹ̀ lè kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí pé bàlúù ni ẹ ó tún wọ̀ lọ sílé, ẹ má gbàgbé láti dá ìgò náà padà sínú ẹrù ńlá kí ẹ tó dé pápákọ̀ òfurufú. Ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ sì tò ó sí àárín, kí ó má kan ẹ̀gbẹ́ àpótí.