Ìkànìyàn àti ìwádìí lórí iṣẹ́ àwọn onílẹ̀ Ọsirélíà: báwo ni kí n ṣe fi wọ́n wé ara wọn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì dá lórí iṣẹ́ tí àwọn Aboriginal àti Torres Strait Islander, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà, ń ṣe jẹun. Mo ní ìkànìyàn 2011, 2016 àti 2021, mo sì ní NATSISS ti 2014–15, ìyẹn ìwádìí ìjọba lórí ìgbé ayé àwọn onílẹ̀ yìí, tó kàn nǹkan bí 11,000 èèyàn péré.

CDEP ló ń dà mí láàmú jù. Ètò ìjọba tó ń fún àwọn onílẹ̀ níṣẹ́ ni, ó bẹ̀rẹ̀ ní 1977, ó sì parí ní 2015. Wọ́n máa ń ka àwọn tó wà nínú rẹ̀ mọ́ àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́. Ṣé kí n yọ wọ́n kúrò nínú ti 2011 kí n tó fi wé 2016? Nínú tábìlì mi, ìlà àwọn lébìrà ní àwọn abúlé tó jìnnà sígboro ni ọkàn mi ò balẹ̀ sí rárá.

Èkejì, ìkànìyàn ka 649,171 èèyàn ní 2016, ó di 812,728 ní 2021. Ọmọ bíbí nìkan ò lè fa irú ìyẹn láàárín ọdún márùn-ún. Àwọn kan tí kò pe ara wọn ní onílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti wá ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀ báyìí. Ṣé ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ṣì ṣeé fi wéra?

Ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà wo lẹ gbà?