Fóònù tuntun tó pa léèsì mi láró

Aláṣọ, Balógun

Ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra fóònù láìpẹ́ yìí, ẹ wá sọ tiyín, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tójú mi rí. Àwa tá à ń taṣọ ní Balógun ò retí ẹni tó máa yà sí ìsọ̀ nìkan mọ́. Tí léèsì bá ti wọlé, mo ti tẹ́ ẹ, mo ti yà á, mo ti jù ú sórí WhatsApp. Kí n tó mumi, ẹnì kan ti ń béèrè iye tí yáàdì márùn-ún jẹ́.

Bátìrì fóònù mi àtijọ́ kì í rí ọ̀sán mọ́, ni mo bá gba Ìkẹjà lọ, ní Computer Village. Ẹ sáà mọ ibẹ̀: ẹsẹ̀ èèyàn ò tíì kúrò nínú dánfó tí ọwọ́ mẹ́ta á ti máa fà á. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi lẹ́nu dídùn. "Mummy, 50 megapixel rèé o!" Ó yà mí lábẹ́ iná funfun ṣọ́ọ̀bù, ojú mi ń dán bíi ti ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ẹ̀yìn fóònù náà ń kọ mànà, kámẹ́rà mẹ́ta jókòó síbẹ̀ bí ààrò mẹ́ta. Mo sanwó.

Ọ̀sẹ̀ kejì, oníbàárà mi kan ní Abẹ́òkúta ní òun fẹ́ aṣọ ẹbí fún 40 èèyàn. Mo ya léèsì aláwọ̀ àlùbọ́sà kan, mo fi ránṣẹ́. Ó wù ú, ó sanwó, mo di 200 yáàdì sínú ọkọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tẹ́rù débẹ̀, ó pè mí: "Ìyá wa, èyí tẹ́ ẹ fi hàn mí kọ́ rèé o. Tọ̀hún pọ́n, èyí ṣá." Mo kọ́kọ́ bínú, mo rò pé ó ti rí èyí tó dínwó níbòmíì ni. Àfìgbà tí mo gbé èyí tó ṣẹ́ kù ní ìsọ̀ síta, tí mo gbé fọ́tò tì í nínú òòrùn. Háà! Fóònù yẹn ti bá mi pa aṣọ láró. Mo fa fóònù àtijọ́ yọ, mo fi ya aṣọ kan náà, àwọ̀ àlùbọ́sà gan-an ló gbé jáde. Èyí tó ti gbó ló ń sòótọ́. Ìdajì aṣọ ni wọ́n dá padà, owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ sì di tèmi.

Atúnfóònùṣe, Òtìgbà

Mummy, ẹ pẹ̀lẹ́. Iye megapixel, ìyẹn iye mílíọ̀nù àmì tíntìntín tó para pọ̀ di fọ́tò, kọ́ ló ń mú àwọ̀. Kámẹ́rà 50 yẹn, tẹ́ ẹ bá kàn tẹ̀ ẹ́ lásán, àmì mẹ́rin-mẹ́rin ló máa ń pa pọ̀ di ẹyọ kan, nǹkan bíi 12 ló máa gbé fún yín. Kò burú, ó ń jẹ́ kó ríran lálẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ààrò mẹ́ta tẹ́ ẹ sọ yẹn, ó lè jẹ́ ẹyọ kan ló ń gbé ìkòkò. Àwọn onímegapixel 2 tí wọ́n máa ń fi sára fóònù olówó pọ́ọ́kú, ọ̀ṣọ́ ni wọ́n.

Ẹ ṣe é báyìí. Ẹ ṣí kámẹ́rà, ibi tí wọ́n bá kọ AI sí, ẹ pa á. Òun ló ń bu kún àwọ̀ kó lè wu ojú. Ẹ tún lọ sí Settings, ẹ wá Display, ẹ yí àwọ̀ ojú fóònù kúrò ní Vivid sí Natural. Kẹ́ ẹ sì máa ya aṣọ lẹ́nu ọ̀nà nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù.

RAM 16 tí wọ́n kọ sára páálí, ìyẹn ààyè tí fóònù fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ńkọ́? Ẹ wò ó dáadáa, ó lè jẹ́ 8 ló ní, kó lọ yá 8 yòókù níbi tẹ́ ẹ ń kó fọ́tò sí. Àyálò ò lè yára bíi tara ẹni.

Dispatch, Mushin

Ẹ̀gbọ́n, kámẹ́rà ló ṣe yín, òòrùn ló ṣe èmi. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ojú fóònù mọ́lẹ̀ rekete. Mo dé Ọ̀ṣòdì láago kan ọ̀sán, mi ò rí àdírẹ́sì oníbàárà kà. Mo fọwọ́ ṣíji bo ojú bí ẹni tó ń wá oṣù ààwẹ̀. Òjò tún dé, ibi tá à ń tẹ̀ka sí lójú fóònù ní òun ò mọ̀ mí rí. Ẹ̀gbẹ́ ni ti fóònù mi tẹ́lẹ̀ wà, kò yọ mí lẹ́nu tó báyìí.

Èyí tó dùn mí jù: mo gbé e kọ́ sí ọwọ́ ọ̀kadà torí máàpù. Oṣù mẹ́ta péré, kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo wá kà á pé Apple fúnra wọn ti kìlọ̀ ní 2021 pé gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì alùpùpù ńlá lè ba kámẹ́rà iPhone jẹ́. Tèmi kì í ṣe iPhone o, ṣùgbọ́n inú báàgì ló ń gbé báyìí.

Bàbá Tíṣà, Súrùlérè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Èyí tí wọ́n rà fún mi ò ní ihò íápíìsì. Okùn íápíìsì yẹn sì ni fóònù tẹ́lẹ̀ fi ń mú rédíò FM, òun ni eriali ẹ̀. Wọ́n ní kí n máa fi dátà gbọ́ ìròyìn. Dátà ta ni? Mo yìn ín fún nǹkan kan ṣá: ojú ẹ̀ fẹ̀, mi ò wá jígí mi káàkiri mọ́ kí n tó ka àtẹ̀jíṣẹ́.

Atúnfóònùṣe, Òtìgbà

Dispatch, má gbójú lé IP68, àmì tí wọ́n ń kọ pé omi ò lè tètè wọ fóònù o. Omi tó mọ́ ni wọ́n fi dán an wò, kì í ṣe àgbàrá. Tí wọ́n bá sì ti ṣí fóònù rí, tí wọn ò fi gọ́ọ̀mù tuntun dí i, ó ti parí nìyẹn.

Aláṣọ, Balógun

Ọmọ mi ní Òtìgbà, o ṣeun. Mo ti pa AI yẹn. Mo tún ya aṣọ náà lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti fóònù àtijọ́ dọ́gba. 100 yáàdì wà nílẹ̀ o, àwọ̀ àlùbọ́sà. Ẹni tó bá fẹ́, kó wá fojú ara ẹ̀ wò ó.