Obsidian: ṣé òkúta ni àbí gíláàsì?

Alárìnká béèrè:
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará. Mo ra ìlẹ̀kẹ̀ dúdú kan tí ó ń dán, ẹni tí ó tà á sì ní obsidian ni, pé inú òkè ayọnáyèéfín ni ó ti wá. Ṣé òkúta ni nǹkan yìí, àbí gíláàsì? Bí ó bá jẹ́ gíláàsì, báwo ni àwọn ará ìgbàanì ṣe ń fi ohun tí ó tètè ń fọ́ ṣe ọ̀bẹ?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ilẹ̀ dáhùn:
Méjèèjì ni. Àpáta yíyọ́ tí silica, èròjà tí ó pọ̀ nínú yanrìn, bá kó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń ki, kì í sì í ṣàn dáadáa. Bí ó bá tú jáde tí ó sì yára tutù, àwọn èròjà inú rẹ̀ kì í ráyè di hóró kí ó tó gan. Òun ni obsidian: òkúta ni, nítorí inú òkè ayọnáyèéfín ni ó ti wá; gíláàsì sì ni, nítorí kò ní hóró. Irú àpáta yíyọ́ yìí kan náà, bí ó bá rọra tutù nísàlẹ̀ ilẹ̀, akọ òkúta ni yóò dà, bíi ti Òkè Ìdànrè, tí a lè fi ojú lásán rí hóró inú rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ń hó nínú rẹ̀ bí ó ti ń jáde, ó di òkúta fífúyẹ́ tí a fi ń ha gìgísẹ̀. Ní ti ìlẹ̀kẹ̀ yín, dídán nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí gíláàsì ilé iṣẹ́ náà ń dán.

Àgbà Ọlọ́nà dáhùn:
Ní ti ọ̀bẹ, àìní hóró yẹn gan-an ni àǹfààní rẹ̀. Bí a bá fi òkúta mìíràn gbá a létí, agbára ìgbá náà yóò la inú rẹ̀ kọjá láìsí ohun tí yóò dí i lọ́nà. Èyí tí ó bá ṣí kúrò yóò ní ìlà rìbìtì-rìbìtì bí inú ìkarahun, etí rẹ̀ yóò sì mú ju abẹ lọ. Ní Olorgesailie, ní Kenya, àwọn awalẹ̀pìtàn rí irinṣẹ́ obsidian tí ó ti tó nǹkan bí ọdún 300,000, tí òkúta rẹ̀ sì ti ibi tí ó jìnnà tó kìlómítà 25 sí 95 wá. Wọ́n lè mọ èyí nítorí pé èròjà tíntìntín inú obsidian òkè kan yàtọ̀ sí ti òkè mìíràn. Ọ̀nà yìí náà ni wọ́n fi mọ̀ ní 2021 pé Pachuca, ní Mẹ́síkò, ni òkúta dúdú tí John Dee, ọ̀mọ̀wé ará England kan ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ń lò bíi dígí ìwojú, tí ó wà ní British Museum báyìí, ti wá. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Aztec, ìran kan tí ó jọba ní Mẹ́síkò nígbà àtijọ́, ni.

Èyí tí ó wú mi lórí jù ni ti àwọn oníṣẹ́ awọ Gurage ní Ethiopia, tí wọ́n ṣì ń fi obsidian fá awọ màlúù ní ọ̀rúndún ogún. Oje igi ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ èèkù. Bí ó bá kújú, wọn a gbá etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ó lè tún mú.

Alárìnká:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ṣé òótọ́ ni pé àwọn dókítà ń fi ṣiṣẹ́ abẹ?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ilẹ̀ dáhùn:
Àwọn díẹ̀ ti lò ó. Ní àwọn ọdún 1970, Don Crabtree, ará Amẹ́ríkà tí ó mọ òkúta gbẹ́ dáadáa, gbà kí wọ́n fi abẹ obsidian tí òun fúnra rẹ̀ ṣe la òun. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ abẹ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lè ṣẹ́ kí èérún rẹ̀ sì kù sínú ara, nítorí náà irin ṣì ni ọ̀pọ̀ dókítà ń lò.