Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ó kù kí n sá máratọ́ọ̀nù ní ọmọ ọdún 64

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà géérégé kí a sá máratọ́ọ̀nù náà, eré kìlómítà 42, nígbà tí ohun kan gbá mi lẹ́yìn ojúgun ọ̀tún, àfi bí ẹni pé wọ́n ju òkò lù mí. Mo tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn láti wo ẹni tí ó jù ú. Kò sí ẹnikẹ́ni, kò sì sí òkò. Èmi nìkan ni mo wà lórí òkè tí mo ti ń sáré gùn ní àgùntúngùn láti òwúrọ̀. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì, mo fi àtàǹpàkò tẹ ojú ibẹ̀, mo sì kígbe. Ọ̀nà tí mo máa ń fi ìṣẹ́jú 15 rìn délé gbà mí tó ìṣẹ́jú 50 lọ́jọ́ náà.

Máratọ́ọ̀nù kẹta mi nìyí. Ọmọ ọdún 41 ni mí nígbà tí mo sá àkọ́kọ́, ìlànà tí mo tẹ̀ lé nígbà náà ni mo sì tún gbé jáde: ọ̀sẹ̀ 16, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, eré gígùn ní Sátidé, eré orí òkè ní ọjọ́ Ajé. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo lọ rí dókítà, ó yẹ ọkàn mi wò nígbà tí mo sinmi àti nígbà tí mo ń sáré lórí ẹ̀rọ, ó sì ní kò sí ohun tí ó ṣe é. Ìyẹn ni mo gbójú lé. N kò rò ó pé ọkàn lè dára kí iṣan ẹsẹ̀ sì ti dàgbà. Àárẹ̀ eré gígùn tí ó máa ń tán lára mi ní ọjọ́ kejì nígbà yẹn ti di àárẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, èmi sì ń gun òkè kí ọjọ́ mẹ́ta ọ̀hún tó pé. Ìwé tí mo ń kọ eré mi sí ti sọ ọ́ fún mi ṣáájú: ní Ajé mẹ́ta tí ó tẹ̀ léra, “ẹsẹ̀ wúwo” ni mo kọ síbẹ̀. Mo kọ ọ́ ni, n kò kà á.

Ẹni tí ó ń bá mi tọ́jú iṣan àti oríkèé ní iṣan náà ya díẹ̀ ni, kò já, àti pé ibẹ̀ àti iṣan gìgísẹ̀ wà lára ibi tí àwa àgbà tí a ń sáré ti sábà máa ń farapa. Ó ní kí n má ṣe sáré fún ọjọ́ 14. Kẹ̀kẹ́ tí kì í kúrò lójú kan ni mo ń wà kí èémí mi má baà jó rẹ̀yìn. Nígbà tí ìrora rọlẹ̀, ó fún mi ní iṣẹ́ kan tí ó dà bí eré ọmọdé: kí n dúró sí etí àtẹ̀gùn, kí gìgísẹ̀ mi yọ sí òfìfo, kí n fi ọwọ́ di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, kí n ga sókè lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí n sì máa ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin bí mo ti ń sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà 15, lọ́nà mẹ́ta. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹfà péré ni mo ṣe tí òógùn fi bò mí. Ìyàwó mi ń kọjá lọ, ó ní, “Bàbá, ṣé àtẹ̀gùn náà wà nínú eré tí ẹ fẹ́ sá ni?” N kò dá a lóhùn.

Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, mo padà sí ojú ọ̀nà: ìṣẹ́jú mẹ́ta eré, ìṣẹ́jú kan ìrìn. Aago ọwọ́ mi wá fẹ́ dá jìnnìjìnnì sí mi lára, nítorí pé ìṣirò àtijọ́ tí a fi ń yọ ọjọ́ orí kúrò nínú 220 sọ pé 156 ni òpin ìlùkìkì ọkàn mi ní ìṣẹ́jú kan, mo sì rí 165. Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní ìpíndọ́gba lásán ni ìṣirò náà, àti pé bí mo bá lè sọ gbólóhùn kan tán láìmí hẹlẹ, eré mi kò tíì pọ̀ jù.

Kìlómítà 32 ni ìlànà mi kọ fún eré tí ó gùn jù, nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo sá 27, mo sì dúró. Marùn-ún tí ó ṣẹ́kù yìí kò jẹ́ kí n sùn. Mo rántí Ed Whitlock, ará Kánádà tí ó sá máratọ́ọ̀nù láàárín wákàtí 2, ìṣẹ́jú 54 àti ìṣẹ́jú àáyá 48 ní Toronto lọ́dún 2004, ní ọmọ ọdún 73, tí ó sì máa ń fi wákàtí bíi mẹ́ta sáré yípo itẹ́ òkú kan nítòsí ilé rẹ̀. Bí bàbá yẹn bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni kìlómítà márùn-ún? Ṣùgbọ́n Whitlock kì í ṣe òṣùwọ̀n fún èmi tàbí fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa, eré gígùn tí ènìyàn bá sì sá nígbà tí ọjọ́ ti kù díẹ̀, àárẹ̀ rẹ̀ ni yóò gbé lọ sí ojú ìje, kì í ṣe agbára rẹ̀.

Kí a dín eré kù ní ọ̀sẹ̀ méjì ìkẹyìn ni ó le jù fún mi. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti kìlómítà 45 lọ́sẹ̀ sí 30, lẹ́yìn náà sí 18, mo sì fi eré yíyá díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà gbàgbé. Ni ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ fún mi. Orúnkún òsì tí kò dùn mí rí ń dùn mí lórí àga; ọ̀fun ń yún mi; mo ń tẹ ẹ̀yìn ojúgun mi wò lábẹ́ tábìlì nígbà tí àwọn ènìyàn ń bá mi sọ̀rọ̀. Bí mo bá ti sáré ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo rẹ̀ á pòórá. Ti omi kò gba àròjù: òùngbẹ kì í tètè gbẹ àgbà, nítorí náà mo ń mu díẹ̀díẹ̀ láìdúró dè é, ṣùgbọ́n n kò mu àmujù, torí àmujù omi lè sọ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ di kíún, ìyẹn sì léwu.

Bàtà tí mo ti fi sáré tó kìlómítà 80 ni mo wọ̀ lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́rin eré, ìṣẹ́jú kan ìrìn, títí dé kìlómítà 38 tí ẹsẹ̀ ọ̀tún fi kìlọ̀, mo sì rin ìyókù. Wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 21. Ní ọjọ́ Ajé, mo ṣí ìwé mi, mo kọ “ẹsẹ̀ wúwo” sí i, mo kà á, mo sì padà lọ sùn.