Kíláàsì ọ̀ṣọ́ kéèkì l'Abẹ́òkúta: èwo ni kí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ nílé mú?

OníkéèkìObáńtókò:

Ẹ̀yin àgbà ẹnu iṣẹ́, ẹ kú ooru yìí o. Inú ilé ni mo ti fọwọ́ ara mi kọ́ kéèkì, mi ò tíì jókòó sí kíláàsì kankan rí. Kéèkì fúnra rẹ̀ ò yọ mí lẹ́nu: fúláwà 500 gíráàmù, bọ́tà 500, ṣúgà 400, ẹyin 10, ó ń wú dáadáa, kì í sì í gbẹ. Ọ̀ṣọ́ orí rẹ̀ ni ẹjọ́. Fọ́ńdáǹtì mi, ìyẹn áísìn tí a ń tẹ́ bí aṣọ bo kéèkì, ń ya ní etí òkè, ara rẹ̀ sì ń hunjọ bí awọ erin. Bó bá di ọjọ́ kejì, ẹ̀gbẹ́ kéèkì á yọ ikùn. Tí mo bá to ìpele méjì léra, òkè á máa fì sápá kan.

Kíláàsì mẹ́ta ló wà níwájú mi. Àkọ́kọ́ jẹ́ ọjọ́ méjì ní gbọ̀ngán kan ní Òkè-Ìlẹ̀wọ́, wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ènìyàn ogún, wọ́n á pèsè èròjà, wọ́n á sì fún wa ní sàtífíkéètì. Èkejì wà lọ́dọ̀ oníkéèkì kan ní Ìbàrà: oṣù kan, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta péré. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti àkọ́kọ́, èmi ni màá sì ra èròjà. Ẹ̀kẹta jẹ́ fídíò lórí WhatsApp, ó dínwó gan-an. Èwo ni kí n mú, kí ni kí n sì bi wọ́n kí n tó sanwó?

ÌpeleMẹ́ta:

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ jẹ́ kí owó ṣì wà lápò ná. Nínú àléébù mẹ́rin tí ẹ kà sílẹ̀, méjì wà tí ẹ lè tún ṣe nínú ilé yín lọ́sẹ̀ yìí láìsan kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Méjì tó kù ni iṣẹ́ ọwọ́, àwọn sì lẹ ń wá kíláàsì fún.

Ẹ jẹ́ ká mú ti awọ erin. Fọ́ńdáǹtì tó gbẹ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń gbẹ ẹ́ ni CMC (ìyẹ̀fun tó ń mú fọ́ńdáǹtì le) tó pọ̀ jù, kọnfúláwà tí a wọ́n sórí tábìlì láìwọ̀n, àti kí a fi í sílẹ̀ láìbò. Fún áísìn ṣúgà kílò 1, ìwọ̀n tí kì í já ènìyàn kulẹ̀ nìyí: gẹlatíìnì ṣíbí ìjẹun 1 tí a rẹ sínú omi tútù 60 mílílítà, gílúkósì olómi ìlàjì ife, gilísẹrínì ṣíbí ìjẹun 1, ọ̀rá funfun ṣíbí ìjẹun 1, CMC ṣíbí tíì 1 péré. Bí CMC bá ti di ṣíbí ìjẹun, èyí tí a fi ń ṣe òdòdó lẹ ń pò yẹn, kò ní ṣeé fi bo kéèkì. Ẹ wé e ní náílọ̀nù pinpin kó sùn di ọjọ́ kejì. Tí ẹ bá fẹ́ pò ó padà, ọ̀rá ni kí ẹ fi pa ọwọ́. Nígbà ọyẹ́, ẹ lè fi gilísẹrínì ṣíbí tíì 1 kún un; nígbà òjò, ẹ dín omi rẹ̀ kù díẹ̀.

Ti ikùn: kéèkì tí kò tíì jókòó ni ẹ ń bò. Fọ́ńdáǹtì wúwo, ó ń tẹ kéèkì mọ́lẹ̀, áísìn àárín á sì wá ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Ẹ gé orí kéèkì kó tẹ́jú, ẹ fi bọtakirímù (áísìn oníbọ́tà) tó le ṣe odi yí etí ká kí ẹ tó da èyí tó rọ̀ sí àárín, kí àárín náà má nípọn ju mìlímítà 5 lọ. Lẹ́yìn náà ẹ wé kéèkì ní náílọ̀nù, ẹ gbé táìsì ilẹ̀ kan tó mọ́ lé e lórí, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin ó kéré tán; tó bá sùn mọ́jú, ó tún dára jù. Nígbà tí ẹ bá gbé táìsì kúrò, ẹ ó rí i pé áísìn ti yọ díẹ̀díẹ̀ yípo bí ìgbànú. Ẹ há a kúrò. Ìgbànú yẹn gan-an ni ikùn tí ì bá yọ lójú oníbàárà. Afẹ́fẹ́ náà máa ń fa ikùn: tí ẹ bá bo kéèkì tó tutù gan-an láti inú firíìjì, afẹ́fẹ́ abẹ́ fọ́ńdáǹtì á wú bí ó ṣe ń lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tó mọ́ gún un ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìka pa á.

Yíya létí wá kù, èyí tí mo sọ pé ọwọ́ ni. Kéèkì íǹṣì 8 tó ga ní íǹṣì 4 ń fẹ́ fọ́ńdáǹtì tó fẹ̀ tó íǹṣì 17, tó sì nípọn ní mìlímítà 4 sí 5, nǹkan bí 700 sí 900 gíráàmù. Ọ̀pọ̀ ń tẹ́ ẹ tó íǹṣì 22 kó má baà kéré. Ìyẹn gan-an ló ń ya á: gbogbo ìdí aṣọ náà á rọ̀ wálẹ̀, á máa fa etí òkè. Bí ẹ bá ti gbé e lé kéèkì, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa orí, kí ẹ tètè mú etí yípo kó lẹ̀ kí ẹ tó kọjú sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀gbẹ́ náà, láti òkè wá sísàlẹ̀ ni. Níbi tó bá ti ṣẹ́po, ẹ fi ọwọ́ òsì tú ìṣẹ́po náà síta, ọ̀tún á sì máa pa á mọ́ra. Ẹ má ṣe tẹ ìṣẹ́po mọ́ kéèkì láé. Gbogbo rẹ̀ ò gbọdọ̀ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo lè kọ èyí síbí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ṣùgbọ́n títí ẹnìkan á fi dúró tì yín, tí á sì wí pé ọwọ́ yín ti wúwo jù níbẹ̀ yẹn, ó lè má wọlé.

Ìdí nìyí tí mo fi ń wo kíláàsì bí mo ṣe ń wò ó. Ẹ ṣírò rẹ̀. Òkè-Ìlẹ̀wọ́ jẹ́ wákàtí 12. Ká ní olùkọ́ fi wákàtí 8 ṣe àfihàn, ó ku 4, ìyẹn ìṣẹ́jú 240 láàárín ènìyàn 20: ìṣẹ́jú 12 ni ojú olùkọ́ á fi wà lára iṣẹ́ yín. Ìbàrà jẹ́ wákàtí 24. Ká ní ìdajì rẹ̀ jẹ́ àfihàn, ìṣẹ́jú 720 ló kù fún ènìyàn mẹ́ta, 240 kan yín. Owó ìlọ́po mẹ́ta, ojú olùkọ́ ìlọ́po ogún. Ti Ìbàrà ni màá ní kí ẹ mú, bí ìdáhùn rẹ̀ sí àwọn ìbéèrè yìí bá dára.

Ẹ bi í pé: ṣé kéèkì gidi la ó bò, àbí fóòmù funfun? Fóòmù kì í rì, kì í yọ ikùn, kì í làágùn. Ó dára fún ìdánrawò ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ lórí fóòmù nìkan ò tíì kọ́ ìdajì iṣẹ́. Ẹ bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ni èmi fúnra mi á bo kéèkì. Bí kò bá tó mẹ́ta, ẹ dúnàá-dúrà. Ẹ ní kó kọ èròjà tí ẹ máa rà sílẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n wọn, torí ibẹ̀ lowó ti ń jò. Ẹ tún bèèrè iṣẹ́ àwọn tó ti kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Fọ́tò iṣẹ́ tirẹ̀ kò sọ bóyá ó mọ iṣẹ́ í kọ́ni.

OlóoruPànṣẹ́kẹ́:

Ọ̀rọ̀ ÌpeleMẹ́ta pé, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kù tó jẹ́ pé lójú tèmi òun ló yẹ kó ṣíwájú: ṣé AC wà ní yàrá kíláàsì náà? Tó bá wà, ẹ bèèrè bóyá wọ́n máa ń pa á nígbà mìíràn. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ nínú òtútù kì í dé ilé ìdáná tí iná ò sí, tí fáànù pàápàá ò yí. Bọ́tà gidi ń yọ́ ní nǹkan bí 32 sí 35°C, ó sì ti ń rọ̀ tipẹ́tipẹ́ kó tó débẹ̀. Lóṣù kẹta l'Abẹ́òkúta, afẹ́fẹ́ inú yàrá nìkan lè dé ibẹ̀. Olùkọ́ tó bá fi bọ́tà nìkan kọ́ yín ní bọtakirímù láìmẹ́nu ba ooru, ó kọ́ yín tán lábọ̀.

Bọtakirímù tó ń dúró nínú ooru níbí: bọ́tà 250 gíráàmù, ọ̀rá ewébẹ̀ funfun tó le 250, áísìn ṣúgà kílò 1 tí a jọ̀, omi tàbí mílíìkì ṣíbí ìjẹun 3, kí a máa fi í sí díẹ̀díẹ̀. Tí abẹ́ fọ́ńdáǹtì bá gbọ́dọ̀ le gan-an, ganache ni: ṣokoléètì dúdú 600 gíráàmù sí kirímù olómi 200. Ti funfun ń fẹ́ 800 sí 200, torí kì í tètè le bíi dúdú. Ìwé àwọn ará ilẹ̀ tútù sábà máa ń sọ 2 sí 1 fún dúdú. Ẹ má tẹ̀ lé e níbí.

Ẹ tún ní kó kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gbé kéèkì jáde láti inú firíìjì. Fọ́ńdáǹtì tútù tó bá pàdé afẹ́fẹ́ wa á làágùn, àwọ̀ á sì ṣàn. Inú páálí tí a dì pa ni kó wà nínú firíìjì. Tí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má ṣí páálí náà fún wákàtí méjì. Ara páálí ni omi á jókòó sí. Tó bá ti làágùn tán, ẹ má nù ún, ẹ kàn kọjú fáànù sí i títí yóò fi gbẹ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà ìlú wa, òkè lónìí, ọ̀gbun lọ́la: ilẹ̀ ọkọ̀ ni kéèkì ń jókòó, tòun ti aṣọ tí kì í yọ̀ lábẹ́ páálí. Àga ọkọ̀ dagun sẹ́yìn, ó máa ń tì í.

ÒdòdóṢúgà:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú tín-ínrín wo ti WhatsApp. Fún bíbo kéèkì àti títo ìpele, kò wúlò tó, torí olùkọ́ ò rí ọwọ́ yín. Fún òdòdó, ó dára gan-an: ẹ lè dá fídíò dúró, kí ẹ ká ewé kan, kí ẹ tún wò ó. CMC ṣíbí tíì 1 sínú fọ́ńdáǹtì 250 gíráàmù, ẹ fi í sílẹ̀ wákàtí mélòó kan, ó ti di ti òdòdó. Ẹ tẹ́ ẹ débi pé ẹ lè rí òjìji ìka yín ní òdìkejì, ẹ fi etí rẹ̀ sórí fóòmù rírọ̀, ẹ fi irin olórí róbótó lọ̀ ọ́ kó lè wé. Bí ewé bá fọ́ nígbà tí ẹ ń wé e, ó ti gbẹ jù. Bó bá ń rọ̀ wálẹ̀, kò tíì gbẹ tó.

Torí náà, bí agbára bá ká a, Ìbàrà nísinsìnyí, WhatsApp tó bá yá. Ní ti sàtífíkéètì, ó wúlò fún ẹni tó fẹ́ wáṣẹ́ sí òtẹ́ẹ̀lì tàbí tó fẹ́ máa kọ́ni. Ẹni tó ń ra kéèkì ọjọ́ ìbí kì í bèèrè rẹ̀.

OníkéèkìObáńtókò:

Ẹ ṣeun gan-an, Olúwa á máa ràn yín lọ́wọ́. Mo ti pe ti Ìbàrà: kéèkì gidi ni, kò sí AC, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni màá sì bò ó fúnra mi. Ó ní sítírọ́ọ̀ lòun fi ń gbé ìpele dúró. Ṣé ó tọ́? Ẹ ò tíì sọ ìdí tí tèmi fi ń fì.

ÌpeleMẹ́ta:

Ó tọ́ fún ìpele méjì, bí sítírọ́ọ̀ náà bá jẹ́ èyí tó nípọn, tó fẹ̀. Tó bá di mẹ́ta, dáwẹ̀lì onígi ni kí ìsàlẹ̀ lò, ìyẹn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fọ̀, tí wọn ò fi kẹ́míkà tàbí ọ̀dà pa.

Mo fura pé gígé igi ló ń jẹ́ kí tiyín fì. Bóyá ẹ ń ki ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ inú kéèkì, ẹ sì ń gé e níbi tó bá ti yọ lókè. Bí orí kéèkì bá dagun díẹ̀, igi náà á dagun bákan náà, ìpele òkè á sì tẹ̀ lé e. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé kí ẹ gbé bọ́ọ̀dù íǹṣì 6 sórí kéèkì íǹṣì 8, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ fa ìlà yí i ká. Igi mẹ́rin sí márùn-ún á wà nínú ìlà náà, íǹṣì 1 sí etí. Tí kéèkì ìsàlẹ̀ bá jẹ́ íǹṣì 10, ẹ lo mẹ́fà. Ẹ ki igi kan bọ ibi tí kéèkì ti ga jù títí yóò fi kan bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀, ẹ sàmì sí i, ẹ yọ ọ́. Òun lẹ ó fi wọn gbogbo yòókù, kí gígùn wọn bára mu, kí ẹ tó kì wọ́n padà. Ẹ gbé bọ́ọ̀dù òfìfo lé wọn, kí ẹ gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì kékeré bíi ti bíríkìlà lé e. Bí bọ́ọ̀dù bá ń jó, igi kan ló gùn ju àwọn tó kù. Ẹ yọ ọ́ jáde kí ẹ tó gé e, ẹ má gé e nínú kéèkì, torí ẹ̀rún igi á bọ́ sínú áísìn.

Ní Ìbàrà, ẹ jẹ́ kó wo yín nígbà tí ẹ bá ń gé igi náà.