Gééjì ọ́ìlì ń sọ nǹkan mẹ́ta lórí ọkọ̀ kan ṣoṣo: èwo ni kí n gbà gbọ́?

Olùbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ọkọ̀ onípẹtiróòlù ni, písítọ̀nù mẹ́rin, ìwé ọkọ̀ sì sọ pé lítà 4.2 ni ọ́ìlì tó ń gbà bí a bá pààrọ̀ fílítà mọ́ ọn. Bí mo bá fa gééjì, ìyẹn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wọn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, yọ láàárọ̀ kí n tó sítáàtì, ọ́ìlì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àmì òkè. Bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìrìn, tí mo pa ọkọ̀ tí mo sì wò ó lójú ẹsẹ̀, kì í dé àmì ìsàlẹ̀ rárá. Bí mo bá dúró díẹ̀, á gòkè wá sí àárín. Èyí tó tún dojú rú jù ni pé ojú kan gééjì lè ní ọ́ìlì dé òkè, kí ojú kejì má ju ìdajì lọ. Ọ́ìlì tuntun ni, ó mọ́ gaara débi pé ó ṣòro láti rí ibi tó dúró sí. Lítà kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ dà sí i. Ṣé kí n dà á?

Mẹkáníìkì Àgbà

Ẹ má tíì dà á o. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, pọ́ǹpù á ti gbé ọ́ìlì lọ sókè, sórí kámúṣáàfù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù) àti sínú gbogbo ihò tó wà lórí ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá pa á, ọ́ìlì yẹn á máa ṣàn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú páànù ìsàlẹ̀, inú páànù yẹn nìkan sì ni gééjì ń wọn. Ẹ̀yin wò ó nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ́ìlì ò tíì padà sílé. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, nǹkan bíi lítà kan ló wà láàárín àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè. Bí ẹ bá da odidi lítà kan lé èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún láàárọ̀, á kọjá àmì òkè púpọ̀, kráǹkì, ọ̀pá tí písítọ̀nù ń yí, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi apá gbá ọ́ìlì nínú páànù. Ọ́ìlì tí kráǹkì bá ń gbá á kún fún afẹ́fẹ́, á máa hó bí ọṣẹ. Ọ́ìlì tó ń hó kò lè gbé bíárìn, ibi tí àwọn ọ̀pá náà ń yí lé, dúró, ìtẹ̀ ọ́ìlì (agbára tí pọ́ǹpù fi ń tì í) á sì já wálẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ́ìlì pọ̀. Síìlì á máa jò, páìpù tó ń fa èéfín inú ẹ́ńjìnnì padà á máa fa ọ́ìlì mọ́ ọn lọ síbi tí iná ti ń jó.

Bí ẹ ṣe máa wò ó rèé. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa bó ṣe máa ń gbóná lójú ọ̀nà, kí ẹ wá pa á, kí ẹ sì ka ìṣẹ́jú márùn-ún ó kéré tán, mẹ́wàá ló dáa jù. Ẹ fa gééjì yọ, ẹ má ka ti àkọ́kọ́ yìí sí nǹkan kan. Ẹ fi àkísà tí kì í re òwú nù ún gbẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ tì í padà wọlé títí orí rẹ̀ á fi jókòó. Bó bá ku díẹ̀ kó jókòó, ọ́ìlì á dà bí ẹni pé ó kéré sí bó ṣe rí. Ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kí ẹ fà á jáde gbọọrọ láìyí i. Ẹ dì í mú ní ìbú tàbí kí ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀. Bí ẹ bá na ẹnu rẹ̀ sókè, ọ́ìlì á ṣàn kọjá àmì, á sì tàn yín jẹ.

Ní ti ojú méjèèjì tí kò bára mu: èyí tó kéré ni ẹ gbà. Páìpù tí gééjì ń gbà kọjá máa ń tẹ̀, ọ́ìlì sì lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ nínú. Ojú tó bá fara kan páìpù yẹn á gbá ọ́ìlì mọ́ra bó ti ń jáde. Ìlà tòótọ́ máa ń kún láti etí kan gééjì dé etí kejì, kò ní àlàfo. Ọ́ìlì tó bá fa gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí tó ń ya jágajàga lókè ìlà yẹn, ara páìpù ló ti wá. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Bí méjèèjì bá bára mu, ẹ ti rí òótọ́.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn

Ọ̀gá ti sọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n "ilẹ̀ tó tẹ́jú" yẹn ń fẹ́ àlàyé, torí ojú lásán kì í mọ̀ ọ́n. Gééjì kì í sábà wà láàárín páànù gan-an. Bí ilẹ̀ bá rọ̀ síwájú díẹ̀ tàbí sí ẹ̀gbẹ́, ọ́ìlì á wọ́ lọ sí ìhà gééjì tàbí kó sá fún un. Ọ̀nà tó rọrùn láti dán ilẹ̀ wò ni kí ẹ ka gééjì, kí ẹ yí ọkọ̀ padà síbì kan náà kí iwájú rẹ̀ kọjú síbi tí ẹ̀yìn wà tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì tún kà á lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí méjèèjì bá yàtọ̀, ilẹ̀ náà kò tẹ́jú, òótọ́ sì wà láàárín méjèèjì. Ẹ wo táyà náà: èyí tí atẹ́gùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan á mú ọkọ̀ tẹ̀, àti jáàkì tí ẹ gbàgbé sábẹ́ rẹ̀.

Àfikún kan: bí ẹ bá gbé ọkọ̀ sí ibi tó gẹ̀rẹ́ lálẹ́, tí ẹ wá sún un sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú láàárọ̀ láti wò ó, ẹ ti sítáàtì rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ò lè kà á sí ti òwúrọ̀ mọ́. Ọ́ìlì tútù tún máa ń pẹ́ kó tó ṣàn padà ju èyí tó gbóná lọ.

Ọmọ Ẹgbẹ́

Èmi ò gbà pẹ̀lú gbígbóná yẹn. Òwúrọ̀, kí ẹ tó sítáàtì, ni kí gbogbo ènìyàn máa wò ó. Gbogbo ọ́ìlì ti wà nílé nígbà yẹn, kò sí ariyànjiyàn.

Mẹkáníìkì Àgbà

Òwúrọ̀ dára fún àyẹ̀wò ojoojúmọ́, torí ó rọrùn láti ṣe é bákan náà nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe ọkọ̀ ló fa àmì sórí gééjì, ó sì fà á fún ọ̀nà ìwọ̀n kan pàtó. Ìwé Honda máa ń ní kí a pa á kí a dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìwé Toyota máa ń ní kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí a pa á, kí a dúró ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan tún wà tí ọ́ìlì wọn ń gbé nínú táńkì ọ̀tọ̀, tí a gbọ́dọ̀ wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá wo irú èyí láàárọ̀ á rí ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìwé ọkọ̀ ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọ́ìlì máa ń wú bó bá gbóná, nǹkan bíi ìdá méje nínú ẹgbàárùn-ún fún dígírì kan. Lítà 4 tó bọ́ láti dígírì 20 sí 90 á fi nǹkan bíi mílílítà 200 pọ̀ sí i. Torí náà, bí gbogbo ọ́ìlì bá ti ṣàn tán, ti gbígbóná yẹ kó ga ju ti òwúrọ̀ lọ díẹ̀. Tiyín wà ní àárín nígbà tó gbóná, ó sì kan òkè nígbà tó tutù. Ìyẹn fi hàn pé "díẹ̀" tí ẹ dúró kò tó, ọ́ìlì ṣì ń bọ̀. Ẹ tún dúró ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i kí ẹ kà á. Bó bá ṣì ń gòkè, ẹ dúró títí tó fi máa dúró lójú kan.

Ti òwúrọ̀ náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Rọ́bà tó wà lórí gééjì máa ń dí páìpù pa. Lórí ẹ́ńjìnnì tí ẹnu páìpù rẹ̀ rì sínú ọ́ìlì, afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ á sún kì bó ti ń tutù lóru, á sì fa ọ́ìlì gòkè nínú páìpù. Ìdí nìyẹn tí ìfàyọ àkọ́kọ́ láàárọ̀ fi máa ń ga ju òótọ́ lọ. Ẹ fà á yọ, ẹ jẹ́ kó wà níta fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tó nù ún kí ẹ sì tì í padà.

Olùbéèrè

Ẹ ṣé gan-an, ó ti ń yé mi. Ti ọ́ìlì tó mọ́ gaara ńkọ́?

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn

Ẹ má gbé gééjì sójú oòrùn tààrà. Ẹ dúró síbi ìbòòji, kí ẹ tẹ gééjì sí ẹ̀gbẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tàn sára rẹ̀. Ibi tí ọ́ìlì wà á máa dán, ibi tó gbẹ á ṣú. Bí ìyẹn ò bá tó, ẹ gbé ẹnu gééjì lé bébà funfun, kí ẹ má fà á. Ọ́ìlì á fi àmì sílẹ̀ sórí bébà, ẹ ó sì fi wé àmì ara gééjì. Àwọn mìíràn máa ń fi sáńpépà tó kúnná ha ibi àmì náà níbùú kó má dán mọ́. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ nù ún dáadáa kó tó padà wọlé. Ẹyọ iyanrìn kan kò gbọ́dọ̀ wọ inú páànù.

Oní-Dísẹ̀lì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo bó ṣe ń lọ sílẹ̀ nìkan. Ọ́ìlì tó ń gòkè láìjẹ́ pé ẹnì kan da nǹkan sí i léwu jù. Ẹ gbóòórùn gééjì. Bó bá ń rùn bí pẹtiróòlù tàbí dísẹ̀lì, epo ti ń wọ inú ọ́ìlì. Lórí ọkọ̀ dísẹ̀lì tó ní fílítà tó ń gba èérí èéfín, bí ìrìn kúkúrú bá ń dá iná tó ń jó èérí yẹn dúró lọ́nà, epo tí kò jó á máa ṣàn gba ara sílíńdà lọ sí páànù. Gééjì á kún, ẹ ó sì rò pé gbogbo rẹ̀ dáa, nígbà tó jẹ́ pé ọ́ìlì ti ṣàn bí omi tí kò lè dáàbò bo nǹkan kan. Bó bá funfun bíi mílíìkì, omi rédíétọ̀ ti wọ inú rẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì tàbí ohun tí ń mú ọ́ìlì tutù. Ẹ má wa ọkọ̀ náà lọ síbì kankan.

Ọmọ Ẹgbẹ́

Iná pupa tó dà bí ìkòkò ọ́ìlì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ńkọ́? Bí kò bá tàn, ṣé ọ́ìlì tó nìyẹn?

Mẹkáníìkì Àgbà

Rárá o. Ìtẹ̀ ọ́ìlì ni iná pupa yẹn ń ṣọ́, kò mọ iye tó wà nínú páànù. Bó bá tàn nígbà tí ẹ bá yà níbi kọ́nà tàbí tẹ bíréèkì, pọ́ǹpù ti ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọ́ìlì, ọ́ìlì sì ti lọ sílẹ̀ jìnnà sí àmì ìsàlẹ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀.

Ọkọ̀ tí kò ní gééjì rárá, bíi ọ̀pọ̀ BMW àti Audi ìgbàlódé, á fi iye ọ́ìlì hàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ìlànà kan náà ni: kó gbóná, kó dúró sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ sì ka ìwé rẹ̀ bóyá ó fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ nígbà tó ń wọ̀n ọ́n.

Olùbéèrè

Mo ti ṣe é bí ẹ ṣe sọ, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó gbóná, mo sì dúró títí kò fi gòkè mọ́. Méjèèjì bára mu: ó fi mìlímítà márùn-ún kọjá àmì òkè. Ó jọ pé wọ́n ti dà á jù nígbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ṣé ó pọ̀ débi tí màá fi fà á yọ?

Mẹkáníìkì Àgbà

Ẹ wọn àlàfo àárín àmì méjèèjì pẹ̀lú rúlà. Ká ní ó jẹ́ mìlímítà 20, tí ó sì dúró fún lítà kan, mìlímítà kan jẹ́ mílílítà 50, tiyín á sì ti fi nǹkan bíi mílílítà 250 kọjá. Ẹ yẹ ìwé ọkọ̀ wò fún iye àárín àmì náà, torí kò rí bákan náà lórí gbogbo ẹ́ńjìnnì. Bó bá jẹ́ mìlímítà kan sí méjì, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Márùn-ún, ẹ fà á.

Ẹ má tú nọ́ọ̀tì ìdí páànù nítorí èyí. Ọ́ìlì á yọ́ jáde ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ, ẹ ó sì ní láti pààrọ̀ wáṣà rẹ̀ kó má baà jò. Ẹ ra síríǹjì ńlá tó ń gba mílílítà 100 àti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó lè gba ooru. Nígbà tí ọ́ìlì bá lọ́wọ́ọ́wọ́, tí kò lè jó ọwọ́, ẹ ti rọ́bà náà gba páìpù gééjì wọlé títí á fi kan ìdí páànù, kí ẹ fà á díẹ̀díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ tí ìwọ̀n wà lára rẹ̀. Bó bá ti pé mílílítà 200, ẹ dúró, ẹ sítáàtì fún ìṣẹ́jú kan, ẹ pa á, ẹ dúró bíi ti àtẹ̀yìnwá, kí ẹ tún kà á. Ìsàlẹ̀ àmì òkè díẹ̀ ni kó wà. Ẹ kọ ọjọ́ àti kìlómítà ọkọ̀ sílẹ̀ lójọ́ náà, kí ẹ sì tún wò ó lẹ́yìn kìlómítà 1,000, ní ọ̀nà kan náà àti níbì kan náà.